Irin Tí A Kùn Lọ́dà: Ìmọ́lẹ̀ Wo La Fi Yẹ̀ Ẹ́ Wò?

Láti Ìfàkì dé Ìdó, láti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, ní àríwá Èkìtì, kò sí títì tí èèyàn máa gbà tí kò ní rí àwọn tó ń jó irin, àwọn tó ń lu ara mọ́tò tó tẹ̀ wọnú àti àwọn tó ń fín ọ̀dà. Géètì, wíńdò onírin, òpó tó gbé táǹkì omi dúró, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, ilẹ̀kùn mọ́tò tí wọ́n ti fi fílà dí ibi tó tẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ojú ẹni tó ṣe é àti ojú ẹni tó fẹ́ sanwó ló ń sọ bóyá ó dára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà pẹ̀lú mi ni pé ojú kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn sí irin náà, bó ti pọ̀ tó àti irú àwọ̀ tó ní ló ń pinnu ohun tí ojú máa rí. Nítorí náà, ó yẹ kí á ka iná àyẹ̀wò mọ́ irinṣẹ́, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti ẹ̀rọ ìjórin, kí á má fi sílẹ̀ fún bó ṣe wu ojú ọjọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, nítorí òun ni àwọn èèyàn fojú kéré jù. Ọ̀pọ̀ àbùkù tó máa ń wà lára irin tí a ti kùn ló jẹ́ pé ibì kan ló ga ju ibì kejì lọ: ọ̀dà tó ṣàn kó tó gbẹ, fílà tí wọn ò fi sáńpépà yún tó, ihò tín-ín-tìn-ín tí afẹ́fẹ́ dá sínú ọ̀dà, eruku tó bà lé e nígbà tó ṣì tutù, ìlà tí ẹ̀rọ ìgérin fi sílẹ̀. Irú àbùkù báyìí kì í ní àwọ̀ tirẹ̀. Òjìji rẹ̀ ni ojú ń rí, òjìji kò sì ní sí bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bọ́ tààrà láti òkè sórí irin. Ẹni tó bá ti dúró sí etí oko iṣu ní ọ̀sán gangan mọ̀ pé gbogbo ebè á rí pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí òòrùn bá ń lọ wọ̀, ebè kọ̀ọ̀kan á dá yàtọ̀, òjìji rẹ̀ á sì gùn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní kókó kan wà lára ọ̀dà tó ga ní 0.1 mìlímítà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wá láti ibi tó fi dígírì 60 ga sí ojú irin, òjìji kókó náà kò ní ju 0.06 mìlímítà lọ, kò sì sẹ́ni tó máa rí i. Bí a bá sọ iná náà kalẹ̀ dé dígírì 10, òjìji yẹn á fẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ, ojú á sì gbé e. Iná kan náà ni, agbára rẹ̀ kò lé. Ibi tó ti ń tàn nìkan ló yí padà.

Irin tó ń dán ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n ti fi kílíà, ọ̀dà tí kò láwọ̀, bò, tàbí irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n ti yún títí ó fi kúnná, máa ń dá àwòrán ohun tó wà níwájú rẹ̀ padà. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì náà la máa rí lára rẹ̀, funfun kan tó ń ṣe ojú yàyà, a ò sì ní rí àbùkù kankan. Iná gígùn ló yẹ ẹ́, irú iná ọ̀pá tí a ń lò nínú ọ́fíìsì àti iléèwé. Gbé e dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, máa wo àwòrán iná náà nínú ọ̀dà, kí o wá máa rìn díẹ̀díẹ̀. Bí ara ilẹ̀kùn bá tẹ́jú, ìlà funfun náà á gún régé. Níbi tí irin bá ti tẹ̀ wọnú, bó ti wù kó kéré tó, ìlà náà á wọ́, á sún kì, nígbà mìíràn á já sí méjì. Níbi tí ọ̀dà kò bá ti tẹ́, etí ìlà náà á rí jágajàga. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń to mọ́tò tuntun jọ máa ń to irú iná bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti òkè dé ilẹ̀, kí mọ́tò máa gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó ń fín ọ̀dà ní Ọ̀yẹ́ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Iná ọ̀pá kan tó ṣe é gbé rìn tó o.

Lẹ́yìn èyí ni bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan. Ìlànà àgbáyé ISO 17637, tó wà fún fífi ojú yẹ ojú ìjórin wò, ní kí ìmọ́lẹ̀ má dín sí 350 lux, ó sì dámọ̀ràn 500. Ó tún ní kí ojú ẹni tó ń wò ó má jìnnà ju 600 mìlímítà lọ, kó má sì wò ó láti igun tó rẹlẹ̀ ju dígírì 30 lọ. EN 12464-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù béèrè 1,000 lux níbi tí a ti ń yẹ àwọ̀ wò. Ẹ wá fi èyí wé gílóòbù kan ṣoṣo tó so rọ̀ sókè ṣọ́ọ̀bù. Gílóòbù LED tó jẹ́ 800 lumen, èyí tí wọ́n ń tà bí arọ́pò gílóòbù 60 wáàtì àtijọ́, kò fúnni ju nǹkan bíi 64 lux lọ ní mítà kan sí i, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ń tàn káàkiri lọ́gbọọgba. Ní mítà méjì, ó ti di 16, nítorí bí a bá sọ jíjìnnà sí iná di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ìdajì mítà, ó ti lé ní 250. Ìròyìn ayọ̀ lèyí jẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: gílóòbù méjì tí a gbé súnmọ́ irin, tí a fi páànù tó ń dán dé lẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa ṣòfò sí òrùlé, á dé 500 lux láìsí wàhálà. Ọjọ́ orí náà kò gbẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni ogún ọdún. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù ló sábà máa ń dàgbà jù, òun náà ló sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ti parí. Òun gan-an ló yẹ kí iná yìí wà fún.

Ní ti àwọ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á po ọ̀dà ilẹ̀kùn mọ́tò kan títí á fi bá ara tó kù mu lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mọ́tò bá bọ́ sí ìta, ilẹ̀kùn yẹn á dá yàtọ̀. Ẹni tó ni mọ́tò á ní ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe é, ẹni tó fín in á búra pé ó bá ara mu lójú òun. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Àwọ̀ tí à ń rí lára nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan náà kò gbé mì, tó dá padà sí wa lójú. Ọ̀dà méjì tí èròjà wọn yàtọ̀ síra lè dá ìmọ́lẹ̀ iná kan padà bákan náà, kí wọ́n sì dá ti òòrùn padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Iná LED tí kò dára sábà máa ń ní búlúù púpọ̀, pupa rẹ̀ kì í tó, ọ̀dà pupa àti ti àwọ̀ ilẹ̀ á sì rí bí ohun tí kò jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára páálí gílóòbù tó dára tó ń sọ bí iná náà ti ń fi àwọ̀ hàn dáadáa tó, CRI ni wọ́n ń pè é. 100 ni òpin rẹ̀. Iná òpópónà àtijọ́ tó ń pọ́n yòò kò ju nǹkan bí 25 lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ fi àwọ̀ wé àwọ̀ kò gbọ́dọ̀ lo èyí tó dín sí 90. ISO 3668, tó jẹ́ ìlànà fífi ojú ṣe àfiwé àwọ̀ ọ̀dà, gba ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ tàbí iná tí a ṣe láti dà bíi rẹ̀, D65, tí ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 6,500 kelvin.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ là ń wá, òòrùn Ọlọ́run ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, ó sì mọ́lẹ̀ ju iná èyíkéyìí lọ. Òótọ́ ni, òòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà tó ń dán, pípọ̀ yẹn á fọ́ ojú, orí á máa fọ́ni, àbùkù á sì fara pamọ́ sínú dídán. Ẹni tó bá ti inú òòrùn bẹ́ẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù kò ní ríran dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà, òòrùn kì í dúró lójú kan. Ti kùtùkùtù àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń pọ́n ju ti ọ̀sán lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo ojú ọ̀run. Lákòókò òjò, ìkúukùu lè mú 100,000 lux wá sí 10,000 tàbí kó dín sí i láàárín ìgbà díẹ̀. Irin tí a yẹ̀ wò láàárọ̀ àti èyí tí a yẹ̀ wò nírọ̀lẹ́ kò wá gba ìdájọ́ kan náà mọ́.

Ohun kan tún wà tó kan àgbègbè tiwa ní pàtó. Àwọn ìwé iṣẹ́ láti òkè òkun a máa gba àwọn tó ń fi àwọ̀ wé àwọ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo fèrèsé tó kọjú sí àríwá, nítorí ní ilẹ̀ wọn òòrùn ọ̀sán kì í bọ́ sí apá ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì yí padà púpọ̀. Bí a bá gbé ìmọ̀ràn yẹn wá sí Ìkọ̀lé láì yẹ̀ ẹ́ wò, á ṣì wá lọ́nà. Ìbú ayé tí àríwá Èkìtì wà kò ju nǹkan bíi dígírì 8 sókè ìlà tó pín ayé sí méjì. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá gan-an ni òòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè wa. Fèrèsé àríwá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọra ń wọlé lóṣù kìn-ín-ní á gba òòrùn tààrà lóṣù kẹfà. Mi ò ní ká pa òòrùn tì. Ìbòòji gbalasa láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, níbi tí òòrùn kò ti bọ́ sórí irin tààrà, tí kò sì sí ògiri aláwọ̀ tàbí páànù pupa tó ń fi àwọ̀ tirẹ̀ kún un, ṣì ni adájọ́ àwọ̀ tó dára jù tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àmọ́ ti àwọ̀ nìkan nìyẹn. Òun kọ́ ló máa fi kókó àti ihò hàn.

Pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì nílẹ̀ yìí. Ìrè, ìlú Ògún Onírè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, kò sì sí iṣẹ́ irin tó fi ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ hàn bí àgbẹ̀dẹ. Abẹ́ àtíbàbà tó ní òjìji ni ẹwìrì máa ń wà, nítorí àwọ̀ irin gbígbóná ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó lù ú. Irin tó ti gbóná dé nǹkan bí 700 dígírì Celsius máa ń pọ́n, pípọ́n yẹn á sì hàn kedere nínú òjìji. Gbé irin kan náà bọ́ sí òòrùn, á dà bí irin dúdú lásán, ó sì lè jó ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ fún ojú ọ̀bẹ ní líle tó yẹ, tí irin tó ti yún ń yọ àwọ̀ koríko gbígbẹ ní nǹkan bí 220 dígírì, tí yóò di búlúù bó bá dé nǹkan bí 300, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló nílò. Ìmọ́lẹ̀ méjì fún irin kan, nítorí ohun tó ń wá lára irin náà yàtọ̀. Ohun tí mò ń bẹ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ òde òní láti ṣe kò ju pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dà àti síńkì tí wọ́n fi ń bo irin.

Iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́? Ẹni tó bá ní kò ṣe é gbára lé kò parọ́. Ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tí ẹ̀mí bá lọ, orí àìsí iná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná àyẹ̀wò kì í jẹ agbára bí ẹ̀rọ ìjórin. Gílóòbù LED 800 lumen kì í jẹ ju nǹkan bíi 9 tàbí 10 wáàtì lọ. Bátìrì kékeré 12 fóòtì, 7 Ah, irú èyí tó máa ń wà nínú UPS kọ̀ǹpútà, ń gba nǹkan bíi 84 wáàtì-wákàtí. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ péré kó má bàa tètè kú, á gbé gílóòbù 10 wáàtì méjì, èyí tó jẹ́ ti 12 fóòtì, fún wákàtí méjì. Géètì kan kò ní gbà tó bẹ́ẹ̀ láti yẹ̀ wò. Páńẹ́lì sólà kékeré lórí òrùlé á sì tún un kún kó tó di ọjọ́ kejì. Àní tọ́ọ̀ṣì fóònù, bí a bá fi í lélẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin, á fi kókó hàn. Àwọ̀ nìkan ni kí á má fi í dá lẹ́jọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí òórùn tínà tí a fi po ọ̀dà ti lọ tán kí ẹ tó gbé iná tàbí wáyà súnmọ́ ọ̀dà tutù, nítorí afẹ́fẹ́ tínà máa ń gbiná.

Àwọn ọ̀gá àgbà kan á sọ pé ọwọ́ làwọn fi ń mọ̀, kì í ṣe ojú. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí ìka tó mọṣẹ́, bó bá ń rìn lórí irin, lè mọ ìyàtọ̀ tí kò nípọn tó irun orí. Àmọ́ ọwọ́ kò mọ àwọ̀, kò mọ ibi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, bó bá sì kan irin tí a kò tíì kùn, òógùn àti ọ̀rá tó fi sílẹ̀ lè jẹ́ kí ọ̀dà má dì í mú. Ọwọ́ kì í sì í dé gbogbo ibi. Ẹ wo òpó táǹkì omi tó wà ní ọgbà wa: ẹ̀yìn irin áńgù, abẹ́ ojú ìjórin, kọ̀rọ̀ tí irin méjì ti pàdé. Ibẹ̀ ni ọ̀dà kì í dé, ibẹ̀ ni omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iwájú òpó náà ṣì ń dán. Dígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì ló lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀dà tàbí síńkì ti nípọn tó náà kò gba ipò ojú. ISO 1461, ìlànà irin tí a rì sínú síńkì gbígbóná, béèrè pé kí síńkì tó wà lórí irin tó nípọn ju 6 mìlímítà lọ má dín sí 85 máíkírọ́mítà ní ìpíndọ́gba. Ibi tí a bá gbé ẹ̀rọ náà lé nìkan ló ń sọ, ìlànà yẹn kan náà sì ṣì ní kí á fojú wá kókó, ìwú àti ibi ṣóńṣó tó lè gé èèyàn lọ́wọ́.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ẹwà pátápátá. Ilé ìwòsàn ńlá tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, bíi ti Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ní Ìdó, kò lè ṣe é láìsí àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú irin tí kì í dípẹtà. Ohun tí kì í jẹ́ kí irin náà dípẹtà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó wà lójú rẹ̀, tí a kì í fojú rí. Bí awọ yẹn bá bàjẹ́ níbì kan, ihò bíńtín á bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa há síbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á máa fi iná tó ní gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá yẹ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́, kí á tó sè é, pàápàá níbi tí apá rẹ̀ méjì ti so pọ̀ àti ní eyín rẹ̀. Bí àmì àwọ̀ ilẹ̀ bá hàn, rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ tó láti fi dán an wò: bó bá nù kúrò, tí abẹ́ rẹ̀ sì jọ̀lọ̀, àbààwọ́n lásán ni, bí ihò bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ìpẹtà ni, kí á yọ irinṣẹ́ náà kúrò. Lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ tó, bákan náà ni méjèèjì máa rí.

Àtakò tó lágbára jù lójú mi ni ti àwọn tó ní bí iná bá pọ̀ jù, kò sí irin tí a kò ní rí àbùkù lára rẹ̀, oníbàárà á sì sọ ìyẹn di àwáwí láti má sanwó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni àwọn ìlànà fi sọ ibi tó yẹ kí á dúró sí wo irin. ISO 1461 ní kí á má súnmọ́ irin onísíńkì ju mítà kan lọ. Qualicoat, ìlànà ọ̀dà ara aluminiọ́ọ̀mù ilé, ní kí á wo ti inú ilé láti mítà mẹ́ta, ti ìta láti mítà márùn-ún. ISO 1461 tún sọ pé funfun tó máa ń yọ lára síńkì tí omi wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n tò ó jọ kì í ṣe ìdí láti kọ irin náà bí síńkì abẹ́ rẹ̀ bá ṣì nípọn tó. Bí oníṣẹ́ àti oníbàárà bá ti fẹnu kò lórí iná àti ibi ìdúró kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, oníṣẹ́ ni àdéhùn yẹn kọ́kọ́ ń gbà sílẹ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọ̀yẹ́, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2011, wà ní Ìkọ̀lé, kò sì jìnnà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí à ń sọ̀rọ̀ wọn. Mo bẹ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kí wọ́n ṣe iná àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú tó ń lo bátìrì, kí wọ́n gbé e tọ àwọn oníṣẹ́ lọ, kí wọ́n sì fi hàn wọ́n bí fóònù ṣe lè fún wọn ní òye iye lux tó wà lórí tábìlì wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi owó gílóòbù méjì kún owó irinṣẹ́ tí ẹ máa rà lọ́dún yìí. Ìwọ oníbàárà, bí wọ́n bá ní kí o wá gbé géètì rẹ ní aago méje alẹ́, sọ fún wọn pé wàá wá láàárọ̀, kí o sì mú owó tó kù dání.